Ọjọ́ mẹ́fà inú Kùránì àti ọjọ́ orí ilẹ̀: ṣé kí ọmọ mi fi jíọ́lọ́jì sílẹ̀?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Àlùfáà wa, as-salāmu alaykum. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ jíọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, ní yunifásítì, ó ti wọ ọdún kejì. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ààfáà tó ń ṣe wáàsí fún wa ní àsàlátù. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́hun fi dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Ọlọ́hun dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún, torí náà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún ni ayé ní, bó pẹ́ bó yá kò lè ju ẹgbẹ̀rún méje lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ ti pe Kùránì ní irọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Ṣé kí n mú un kúrò nídìí ẹ̀kọ́ yẹn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀." Ìyá ọmọ kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

Wa alaykumu s-salām, ìyá wa. Ẹ kú ìpayà ọmọ. Ẹ̀rù pé kí ìgbàgbọ́ ọmọ yín má bàa já mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń bà yín, ìyá tó bá ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìwé yín, mo rí i pé ohun tí wọ́n gbé síwájú yín pé kí ẹ yàn, yálà Kùránì tàbí ìwé ọmọ yín, kò yẹ kó di yíyàn rárá. Iléèwé kéwú ni mo ti ń jẹun láàárọ̀, ìmọ̀ òkúta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, mo sì ti rí ọmọ Mùsùlùmí tó fi kíláàsì sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún ti rí èyí tó fi ìrun sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn méjèèjì gbà pé Kùránì sọ ohun tí kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí àríyànjiyàn. Kùránì sọ ọ́ níbi púpọ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́hun fi dá sánmọ̀ àti ilẹ̀: ó wà nínú Súrà al-A'rāf 7:54, Yūnus 10:3, Hūd 11:7 àti àwọn ibòmíràn. Súrà Qāf 50:38 tún fi kún un pé àárẹ̀ kankan kò mú Un. Ọmọ yín kò gbọ́dọ̀ jiyàn ìyẹn, n kò sì rò pé ó ń jiyàn rẹ̀. Wàyí o, ẹ bá mi wá ẹsẹ kan ṣoṣo, láti Fātiha títí dé Nās, tó sọ pé láti ọjọ́ tí a ti dá ilẹ̀ títí di òní jẹ́ ọdún báyìí báyìí. Ẹ ò ní rí i. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ẹnu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tó dárúkọ iye kan kò sí bákan náà.

Ibi tí ìṣirò ààfáà yín ti yẹ̀ nìyẹn. Ká tiẹ̀ gbà fún wọn pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún, ohun tí a rí gbà ni iye àkókò tí dídá náà gbà. Kò sọ ìgbà tí iṣẹ́ náà parí, kò sì sọ iye ọdún tó ti kọjá láti ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ilé kan ní Tákíẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ilé náà ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ààfáà yín sì fi ìdáhùn ọ̀kan dá èkejì lóhùn. Ọ̀pọ̀ wáàsí tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibí yìí náà ni wọ́n ti ń ṣìnà, n kì í sì í bínú sí wọn, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe gbọ́ ọ.

N kò ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n o. Pé ọjọ́ ìdá ayé jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ààfáà yín dá sílẹ̀ fúnra wọn. Nígbà tí Ibn Kathīr, tó kú ní 1373, ń túmọ̀ al-A'rāf 7:54, ó sọ pé àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí àwọn ọjọ́ náà: àwọn kan ní bí ọjọ́ tiwa yìí ni, àwọn mìíràn, bíi Mujāhid àti Imām Ahmad, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ wá kíyè sí i pé láti ayé àwọn aṣáájú ni ẹnu kò ti kò lórí bí ọjọ́ náà ṣe gùn tó, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ pe ẹnì kejì ní kèfèrí. Ẹsẹ tí wọ́n fẹ́ràn láti máa kà, Súrà al-Hajj 22:47, àwọn tó ń kánjú pé kí ìyà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n tètè dé ló ń bá wí: ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Olúwa rẹ dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún nínú ohun tí ẹ̀ ń kà. Súrà al-Ma'ārij 70:4 sì mẹ́nu ba ọjọ́ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọdún. Bí a bá fẹ́ máa fi ẹsẹ ṣe ìsọdipúpọ̀, kí ló dé tí a kò mú ìyẹn? Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọdún, ìyẹn 300,000, ni yóò fún wa. Ohun tí àwọn ẹsẹ méjèèjì jọ ń fi hàn wá ni pé ọjọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kò ní ìwọ̀n kan tí a lè dì mú kí a wá fi ka ọdún.

Ibì kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, torí ọmọ yín yóò bá a pàdé bí kò bá tíì bá a pàdé. Súrà Fussilat, láti 41:9 dé 41:12, ló ṣàlàyé jù lọ: ilẹ̀ ní ọjọ́ méjì, àwọn òkè àti oúnjẹ inú rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin, sánmọ̀ méje ní ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ro ó pọ̀ yóò kígbe pé mẹ́jọ ni, kì í ṣe mẹ́fà. Àwọn olùtumọ̀ ti dáhùn èyí tipẹ́: mẹ́rin yẹn ti kó méjì ìṣáájú mọ́ra. Ní ti èwo ló ṣáájú láàárín sánmọ̀ àti ilẹ̀, al-Baqarah 2:29 àti Fussilat dà bí ẹni pé ilẹ̀ ló kọ́kọ́ wà, an-Nāzi'āt 79:30 sì ní lẹ́yìn sánmọ̀ ni Ó tẹ́ ilẹ̀. Ibn Abbās là á pé dídá ilẹ̀ ṣáájú, títẹ́ rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Àlàyé tó mọ́yán lórí ni, ṣùgbọ́n n kò ní tan yín pé ó ti bá ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń sọ mu ní gbogbo ọ̀nà. Hádíìsì kan sì wà nínú ìwé hádíìsì tí Imām Muslim kọ, tó pín ìdá ayé sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀: erùpẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òkè lọ́jọ́ Àìkú, títí dé Ànábì Ādam lẹ́yìn Àlàásárì ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ méje nìyẹn. Al-Bukhārī fúnra rẹ̀ ló sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn olùgbà-ọ̀rọ̀-wá pé èyí tó tọ̀nà jù ni pé ọ̀rọ̀ Ka'b al-Ahbār ni, kì í ṣe ti Ànábì.

Ka'b yìí, onímọ̀ Júù ará Yemen tó gba Ìsìláàmù, ni ká tọpa rẹ̀ bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti ẹgbẹ̀rún méje ti wọlé. Àwọn Júù ń ka ọdún láti ìgbà ìdá ayé nípa títo ọjọ́ orí àwọn bàbá ńlá inú Taoréètì jọ. Títí di òní, kàlẹ́ńdà wọn kò tíì pé 6,000. Àwọn Kristẹni náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1650, bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan ní Ireland, James Ussher, tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọdún 4004 ṣáájú Kristi ni a dá ayé. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ ọdún yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé inú ẹsẹ ló wà. Ní tiwa, at-Tabarī, tó kú ní 923, kó ọ̀rọ̀ Ka'b, Wahb ibn Munabbih àti èyí tí wọ́n gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbās jọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, ó sì fara mọ́ ẹgbẹ̀rún méje. Ó tún ṣírò rẹ̀ pé láti ìgbà Ànábì, nǹkan bí 500 ọdún péré ló kù fún ayé. Ọdún 500 Híjírà kọjá, ayé kò parí. Ibn Khaldūn, òpìtàn Mùsùlùmí kan, sì rán àwọn ènìyàn létí rẹ̀ pé àkókò ti já ìṣirò náà ní koro. Ibn Hazm ará Andalus, tó kú ní 1064, tiẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé Mùsùlùmí kò ní iye kan tó dì mú, pé ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún méje, tàbí ó dín, tàbí ó lé, ti sọ ohun tí kò wá láti ẹnu Ànábì. Ẹsẹ tó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni al-Kahf 18:51: Èmi kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí ìdá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Nígbà tí Umar sì ń fi kàlẹ́ńdà lélẹ̀ fún wa, ìrìn àjò láti Mẹ́kà sí Mẹ̀dínà ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún Híjírà kò dá sí ọjọ́ orí ayé rárá.

Òkúta wá ńkọ́? Ẹ dúró ti àwọn tó bá ń gbẹ́ bóhóòlù ní àdúgbò yín lọ́jọ́ kan. Erùpẹ̀ pupa àti yangí ni ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tú jáde. Bó bá wọlẹ̀ sí i, amọ̀ á máa jáde, nígbà mìíràn á funfun, nígbà mìíràn á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ bá fọwọ́ ra á, nǹkan wínníwínní á máa kọ mànà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn ẹ̀rọ á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í han, eruku tó ń bù jáde á dúdú bí eérú, àwọn tó ń gbẹ́ ẹ á sì wo ara wọn lójú: wọ́n ti kan àpáta. Amọ̀ yẹn àti yangí yẹn, ara àpáta yìí kan náà ni wọ́n ti jẹrà wá. Omi òjò ń wọ inú rẹ̀ láti ojú ihò tóóró, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó mọ̀ ọ́n jẹ á di amọ̀, èyí tí kò rí jẹ á ku iyanrìn àti àwọn hóró tó ń dán yẹn. Ẹni tó bá ti rí bí akọ òkúta ṣe le tó, tó wá rí bí amọ̀ tó ti ara rẹ̀ jẹrà ṣe jìn tó, á mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún kò tó iṣẹ́ náà ṣe.

Àmọ́ àwọn onímọ̀ kò fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Hóró kan wà nínú akọ òkúta tí wọ́n ń pè ní zircon, ó máa ń kéré ju hóró iyọ̀ lọ. Nígbà tí zircon bá ń dì nínú òkúta yíyọ́, ó máa ń gba uranium mọ́ra, ó sì máa ń ti òjé síta. Uranium kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Ó ń yí padà di òjé fúnra rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ooru tàbí òtútù ilẹ̀ kò lè yí padà. Oríṣi rẹ̀ kan, uranium-238, ń gba bílíọ̀nù 4.47 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí tán. Oríṣi kejì, uranium-235, ń gba mílíọ̀nù 704. Nítorí náà, òjé tí wọ́n bá bá nínú hóró náà lónìí, inú rẹ̀ ló ti wá, bó bá sì ti pọ̀ tó sí uranium tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń mọ iye ọdún. Ìṣirò méjì tí kò gbára lé ara wọn ló wà nínú hóró kan ṣoṣo; bí wọ́n bá dé orí iye kan náà, ó ṣòro kí ẹnì kan ní èèṣì ni. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé àwọn akọ òkúta ńláńlá tó yọrí káàkiri ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ wa ti wà ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, àti pé lára àpáta tí wọ́n ya wọ inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù méjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi mí pé ṣé kì í ṣe kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ní kò ṣeé gbára lé. Kábọ́ọ̀nù-14 kì í ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún, èédú, egungun àti igi ni wọ́n sì ń fi í wọ̀n, kò sí onímọ̀ tó ń fi í wọn àpáta. Iye tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin tí ọmọ yín sọ, ọwọ́ Clair Patterson ará Amẹ́ríkà ló ti jáde ní 1956. Kò rí òkúta ilẹ̀ tiwa tó pé ọjọ́ orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ilẹ̀ ń yọ́ òkúta rẹ̀, ó ń tún un dà. Ó wá mú òkúta tó já láti ojú ọ̀run, èyí tó wà láìyípadà láti ìgbà tí ilẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ara jọ, ó wọn òjé inú rẹ̀, ó dé orí bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Èyí tí wọ́n ń lò lónìí ni 4.54. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ti ṣìnà rí: Lord Kelvin ní 1862 ní ilẹ̀ kò lè kéré sí 20 mílíọ̀nù ọdún, kò sì lè ju 400 mílíọ̀nù lọ, torí ó rò ó bí irin gbígbóná tó ń tutù. Ohun tó mú un ṣìnà ni pé kò mọ̀ pé nǹkan inú ilẹ̀ ń ṣí kiri, tó ń gbé ooru sókè, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀ nígbà náà nípa àwọn nǹkan bí uranium tó ń dá ooru sílẹ̀ fúnra wọn. Láti 1956 wá, ohun tí wọ́n tún ṣe lára iye yẹn kò tó nǹkan.

Inú mi dùn láti sọ fún yín pé irú àkíyèsí yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tiwa. Al-Bīrūnī, Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní 973, wo òkúta tí odò Ganges ń gbé ní Íńdíà: wọ́n tóbi nítòsí òkè, wọ́n ń kéré sí i bí odò ti ń jìnnà, wọ́n di iyanrìn nítòsí òkun. Ó ní òkun ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ odò ló dí i. Ó tún sọ ti ìkarahun omi tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ní aṣálẹ̀ Lárúbáwá. Bí ó bá wà pẹ̀lú wa lónìí, á béèrè ọ̀nà Ìgbẹ́tì, torí mábù tí wọ́n ń wà níbẹ̀, inú omi ni ohun tó di í ti kọ́kọ́ balẹ̀ kí ooru abẹ́ ilẹ̀ tó yí i padà. Òkun ti wà rí níbi tí a ti ń gbin àgbàdo.

Kí wá ni ọmọ yín yóò ṣe sí ọjọ́ mẹ́fà? Àwọn kan dì í mú pé ọjọ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún ni, ìgbàgbọ́ wọn tọ́ sí ọ̀wọ̀. Bí mo ti sọ, ìyẹn nìkan kò sọ ọjọ́ orí ilẹ̀, ó sì kù sí wọn lọ́wọ́ láti ṣàlàyé bí ọjọ́ ṣe ń mọ́ kí oòrùn tó wà. Àwọn mìíràn ní ìgbà gígùn mẹ́fà ni, ọkàn tèmi súnmọ́ èyí, àmọ́ n kì í fi í búra. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà nípa rẹ̀ ni ìṣirò kan tó ń lọ káàkiri WhatsApp: ọjọ́ méjì nínú mẹ́fà ni a fi dá ilẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta, ọjọ́ orí gbogbo àgbáyé jẹ́ bílíọ̀nù 13.8; pín in sọ́nà mẹ́ta, 4.6, Allāhu akbar! Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni Fussilat kọ́kọ́ dárúkọ fún ilẹ̀, bí ìṣirò wọn bá jẹ́ òótọ́, ilẹ̀ yóò bá àgbáyé dọ́gba lọ́jọ́ orí. Ta ló sì sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gùn dọ́gba? Ẹni tó bá so Kùránì mọ́ 13.8 lónìí, lọ́jọ́ tí àwọn onímọ̀ bá tún un ṣe, yóò wá ọ̀nà láti tú okùn náà. Ohun tí at-Tabarī, ọ̀mọ̀wé tó ju gbogbo wa lọ, ṣe pẹ̀lú 500 ọdún náà nìyẹn.

Ibì kan kù tí n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò. Ní Ìwó Elérù, lágbègbè Àkúrẹ́, wọ́n hú egungun ènìyàn jáde ní 1965 tó lé ní 11,000 ọdún. Ìyẹn nìkan ti fọ́ ẹgbẹ̀rún méje, àní ti ènìyàn, ká má tíì sọ ti ilẹ̀. Kùránì kò sọ ìgbà tí a dá Ànábì Ādam, nítorí náà ọjọ́ orí egungun kò ta ko ẹsẹ kankan. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dá a, láti inú amọ̀, àti ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ń sọ nípa ìran ènìyàn, ìjà ńlá ni ìyẹn láàárín àwọn onímọ̀ wa títí di bí mo ti ń sọ yìí, òkúta kò sì lè bá wa dá a. Bí ọmọ yín bá dé ibẹ̀, kó jókòó ti àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn, kó má fi ọ̀rọ̀ orí fóònù yanjú rẹ̀.

Ẹ má mú un kúrò nídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Al-Ankabūt 29:20 ní kí a rìn lórí ilẹ̀ kí a wo bí Ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá, iṣẹ́ ọmọ náà nìyẹn. Ohun tí ẹ ó máa bi í léèrè ni ìrun rẹ̀, àti bóyá ó ń fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tí kò kàwé tó o. Ní ti ààfáà yín, ẹ má kò wọ́n lójú láàárín àsàlátù, ojú á tì wọ́n, etí wọn á sì di. Ẹ lọ kí wọn nílé lẹ́yìn Ìṣáì, ẹ mú ọmọ yín dání, kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kó wá bi wọ́n pẹ̀lẹ́tù pé ẹsẹ wo ló ka iye ọdún tí ilẹ̀ ti lò. Bí wọ́n bá mú al-Hajj 22:47 wá, kí wọ́n jọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà. Bí wọ́n bá sì ní inú ìtàn at-Tabarī ni àwọn ti rí ẹgbẹ̀rún méje, kí wọ́n jọ ṣí ibi tó ti ṣírò ọdún tó kù fún ayé, kí ààfáà fúnra wọn wá sọ ọdún Híjírà tí a wà yìí.